Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ: Bí A Ṣe Lè Fi Eré Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìparí oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Nàìjíríà máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọ́n á sì wọlé padà nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ gan-an yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà kí olúkúlùkù bèèrè ti ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Fún àwọn ọmọ tó ti ń lọ skúlù tẹ́lẹ̀, ìsinmi ni. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó fẹ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi fún ìgbà àkọ́kọ́, àsìkò ìmúra ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Minna, Onitsha, Port Harcourt àti Àbújá ju bó ṣe kan àwọn ará ilé lọ. Ọmọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo, tó bá sọ fún àńtí rẹ̀ pé "mo fẹ́ tọ̀," àńtí á gbọ́. Ọmọ tiwa níbí lè bá olùkọ́ Hausa, Igbo, Tiv tàbí Ibibio pàdé ní kíláàsì. Ó ń sọ Yorùbá, wọn ò gbọ́. Ó ń mú un mọ́ra, títí tí yóò fi tọ̀ sí ṣòkòtò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́la, tí ẹ bá ní kó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ẹkún ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń sọ pé "kò fẹ́ràn ìwé" ni kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń sá fún.

A kọ àwọn ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fún òbí tó ní ṣọ́ọ̀bù, òbí tó ń lọ ọ́fíìsì, àti òbí tí ò lówó lẹ́sìn. Kò sí èyí tó gba owó púpọ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà ti tó, nítorí ọmọdé kì í lè gbájú mọ́ nǹkan kan pẹ́.

KÍ NI ILÉ-ÌWÉ Ń RETÍ LỌ́WỌ́ ỌMỌ?

Nínú Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n tún ṣe ní 2013, ọdún kan jẹ́lé-ó-sinmi ló yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe kó tó wọ praymárì wan. Àwọn ilé-ìwé aládàáni ní tiwọn máa ń gba ọmọ kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ tí wọ́n sì ń pe kíláàsì yàtọ̀ síra: pírí-nọ́sìrì, nọ́sìrì wan, nọ́sìrì tuu, KG. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ohun tí olùkọ́ nílò kì í ṣe ọmọ tó ti mọ A dé Z lórí. Ohun márùn-ún yìí ló ń mú ayé rọrùn fún ọmọ àti olùkọ́:

1. Kó lè sọ pé òun fẹ́ lọ tọ̀ tàbí yàgbẹ́, kó sì lè bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀.
2. Kó lè ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, kó jẹun, kó sì fọ ọwọ́.
3. Kó mọ orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé, kó sì dáhùn tí wọ́n bá pè é.
4. Kó lè gbọ́ ìtọ́ni kan tàbí méjì, kó sì ṣe é: "Mú ìwé rẹ, wá jókòó."
5. Kó lè wà láàrin ọmọ mìíràn fún wákàtí díẹ̀ láìsí ìyá tàbí bàbá nítòsí.

Tí ọmọ bá ti ní márùn-ún yìí, A B D á wọlé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn.

ÈDÈ MÉLÒÓ NI KÍ ỌMỌ GBỌ́?

Àwọn òbí kan láàrin wa máa ń ní kí Yorùbá dúró ná, kí ọmọ má bàa dààmú ní skúlù. Wọ́n á wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, àní Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn fúnra wọn ò sọ dáadáa. A ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré lè gbọ́ èdè méjì, mẹ́ta pọ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ wa ní Sabon Gari ní Kánò: wọ́n ń fi Hausa ra mọ́sà, wọ́n ń fi Yorùbá kí ìyá wọn, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá olùkọ́ lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká sì mọ̀ pé kò sí skúlù tó máa bá wa kọ́ ọ ní Yorùbá níhìn-ín. Fún ọdún púpọ̀ ni ìlànà ìjọba ti ń sọ pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Èdè àdúgbò ní Kánò, Hausa ni, kì í ṣe tiwa. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní praymárì. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé-ìwé máa lò. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ilé ni Yorùbá ọmọ wa ti máa wá. Bí a bá fi sílẹ̀, ọmọ á dé ilé bàbá rẹ̀ nígbà Iléyá tàbí Kérésì, màmá àgbà á máa kì í lóríkì, kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ máa bá a sọ Yorùbá nílé, kí ẹ sì kọ́ ọ ní gbólóhùn ìrànwọ́ díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè àdúgbò. Kò ju mẹ́fà lọ: ìkíni, "ẹ ṣé," "omi," "mo fẹ́ tọ̀," "inú ń run mí," àti "mi ò gbọ́." Ní àríwá, ẹ fi "ina kwana," "na gode," "ruwa" àti "fitsari" kún un. Ní ilẹ̀ Igbo, ẹ fi "daalụ" àti "mmiri" kún un. Ọ̀sẹ̀ kan, gbólóhùn kan. Ẹ ṣe é bí eré: ẹ̀yin ni àńtí, bèbí tàbí àbúrò rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Tí ó bá sọ "Aunty, I want to wee," ẹ jẹ́ kó sáré lọ sí ilé ìtọ̀ lóòótọ́, kó padà wá. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi kọ́ ọ.

ERÉ TÓ Ń FÚN ỌWỌ́ LÓKUN

Kí ọmọ tó lè di pẹ́ńsù mú, ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára. Iṣẹ́ ilé Yorùbá ti ní èyí tó pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ẹ̀wà, kó já ewédú, kó bó ẹ̀gúsí, kó gbọ́n ìyẹ̀fun. Gbogbo ibi tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bá ti ń pàdé, ìgbaradì fún pẹ́ńsù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ ti ẹ̀wà. Wọ́n máa ń kì í bọ imú àti etí.

Àsìkò òjò nìyí, amọ̀ wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi mọ ìkòkò, ejò, mọ́tò. Tí òjò ò bá jẹ́ kí ẹ jáde, ẹ po ife fúláwà méjì pọ̀ mọ́ ife iyọ̀ kan, kí ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Kì í ṣe jíjẹ o, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ó lè pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Kó tó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú ìwé, kó fi ìka kọ ọ́ sórí yanrìn tàbí sínú tíréè tí ẹ da gàrí díẹ̀ sí. Ìlà gbọọrọ, ìlà ìdùbúlẹ̀, róbótó, àgbélébùú. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀kì lórí sìmẹ́ǹtì. Pẹ́ńsù ló máa kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ló fi ń mú nǹkan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó fi kọ̀wé. Ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìyẹn jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé, ó lè kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Bọ́tìnnì, sípù àti sáńdà náà, ẹ sọ wọ́n di ìdíje: ta ló máa kọ́kọ́ wọṣọ tán, ìwọ tàbí bàbá? Ọ̀nà kan wà tí kì í fi í wọ bàtà òdì: ẹ mú àwòrán alẹ̀mọ́ kan, ẹ gé e sí méjì, ẹ lẹ ìdajì sínú bàtà ọ̀tún, ìdajì sínú ti òsì. Tí àwòrán bá pé, bàtà ti bọ́ sípò.

ÌṢIRÒ LỌ́JÀ ÀTI LÓRÍ ỌPỌ́N

Ẹ mú ọmọ lọ sọ́jà. "Ka tòmátì márùn-ún fún mi." "Èwo ló tóbi nínú iṣu méjì yìí?" "Èwo ni pupa, èwo ni àwọ̀ ewé?" Kódà orúkọ òṣùwọ̀n jẹ́ ẹ̀kọ́: kóńgò tí ìyá àgbà ń lò nílé, mudu ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwa ará àríwá. Ọmọ tó mọ méjèèjì ti mọ̀ pé nǹkan kan lè ní orúkọ méjì.

Tí ẹ bá ní ọpọ́n ayò nílé, ẹ gbé e jáde. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò ní mọ ọgbọ́n ayò, ṣùgbọ́n ó lè fi mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò. Ìkà àti pípín dọ́gba ni ìyẹn. Ẹ̀kọ́ kejì sì wà níbẹ̀: kó dúró de àsìkò tirẹ̀. Ẹni tí ò ní ọpọ́n, kó gbẹ́ ihò sílẹ̀, kó fi òkúta ṣe é. Suwe tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀ náà dára: ó ń fò, ó ń kà.

Ẹ bá a kà á ní Yorùbá, kí ẹ tún kà á ní Gẹ̀ẹ́sì: ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá. Ẹ má tíì ká a lára ju ẹ̀wá lọ ní Yorùbá. Láti ẹ̀ẹ́dógún ni ìkà wa ti ń yí padà, tó ń di pé a ń yọ nínú ogún. Ìyẹn á yé e tó bá dàgbà díẹ̀ sí i.

ÀLỌ́, OHÙN ÀTI LẸ́TÀ

Iná NEPA kì í dúró, a mọ̀. Ẹ lo òkùnkùn náà fún àlọ́. Ọmọ tó lè jókòó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè jókòó gbọ́ olùkọ́. Tí ẹ bá parí, ẹ bi í: ta ló kọ́kọ́ dé? Kí ló dé tí Ìjàpá fi sá? Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Kó wá pa á fún yín lọ́jọ́ kejì.

Àlọ́ àpamọ̀ náà wà. Ẹ lè fi nǹkan inú ilé ṣe tiyín: "Mo lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, mi ò lè rìn, ènìyàn ló ń jókòó lé mi. Kí ni mí?" Kó wá àga náà kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òun ni á máa pa á fún yín.

Ohùn ni Yorùbá fi ń yàtọ̀. Ẹ ya àwòrán mẹ́ta: ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọkọ ìyàwó. Ẹ pe ọ̀kan, kó na ìka sí i. Etí tó lè mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí á tètè mọ ìyàtọ̀ ìró tí olùkọ́ ń pè.

Ní ti lẹ́tà, 26 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 25 ni ti Yorùbá: kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ̀lì 7. Yorùbá ò ní c, q, v, x àti z. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ẹ, ọ, ṣ àti gb. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀. Kó wá a lára agolo mílíìkì, lára bọ́ọ̀sì, lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà kan tàbí méjì. Ó tó.

ORÚKỌ, NỌ́ŃBÀ FÓÒNÙ ÀTI ÀÀBÒ

Nílé, a ń pe ọmọ ní Bọ̀bọ́, Ìyá Àgbà, Dádì Kékeré. Nígbà tí olùkọ́ bá ka Oluwadamilare nínú réjísítà, ọmọ ò ní dáhùn, torí kò mọ̀ pé òun ni. Ẹ máa ka réjísítà nílé láràárọ̀: orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ àwọn ọmọ, kí olúkúlùkù na ọwọ́ sókè, kó dáhùn. Kó tún mọ orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀, kó má jẹ́ "Mọ́mì" àti "Dádì" nìkan ló lè sọ tó bá sọnù lọ́jà.

Nọ́ńbà fóònù jẹ́ 11. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí i bí orin. Ọmọ ọdún márùn-ún lè mọ̀ ọ́n sórí kí ìsinmi tó parí. Kó sì mọ ẹni tó lè wá mú un ní skúlù, pé kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń sọ Yorùbá.

ẸGBẸ́ ỌMỌ ÌLÚ LÈ RÀN WÁ LỌ́WỌ́

Ohun tó ń ṣòro jù fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù látọjọ́ yìí ni ìyapa. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí skúlù máa wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ fọkàn tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wákàtí kan, lẹ́yìn náà méjì. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì dé lásìkò náà.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lásìkò ìsinmi, kí ẹgbẹ́ tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn ọmọ tó ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ò wọ́n. Kí ọ̀kan nínú wọn jókòó tì wọ́n pẹ̀lú àlọ́, ṣọ́ọ̀kì àti bojúbojú, nígbà tí àwọn àgbà ń ṣèpàdé. Kí àwọn ọmọ kí àwọn àgbà lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó lọ jókòó. Ọmọ á kọ́ bí a ṣe ń wà láàrin àwùjọ, á sì ri pé kì í ṣe ilé wọn nìkan ló ń sọ Yorùbá. Kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

OORUN, TẸLIFÍṢỌ̀N ÀTI LẸ́SÌN

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbani níyànjú pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa sun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀, kó máa ṣeré káàkiri fún ó kéré tán wákàtí 3, kí wíwo tẹlifíṣọ̀n àti fóònù má sì ju wákàtí kan lọ. Ọmọ tó ń bá wa sùn ní aago mọ́kànlá torí a ti pa ṣọ́ọ̀bù dé pẹ́, kò lè jí ní aago mẹ́fà láìsunkún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó wọlé, ẹ máa fa oorun rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó máa rán ọmọ lọ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àǹfààní ńlá ni fún Yorùbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó padà dé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí skúlù tó wọlé, torí ìyá àgbà kì í lé ọmọ lọ sùn. Ní ti lẹ́sìn họ́lídé, tó bá pọn dandan, èyí tó máa parí kí ọ̀sán tó pọ́n ni kí ẹ wá fún ọmọ kékeré, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ju kíkọ̀wé lọ.

ÌWÉ TÓ YẸ KÓ WÀ NÍLẸ̀

Ẹ wá ìwé-ẹ̀rí ìbí ti àjọ ètò ìkànìyàn (NPC). Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ sì lè ṣe é níbi tí ẹ ń gbé; kò dìgbà tí ẹ bá wálé. Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wò. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá, kẹrìnlá àti ti oṣù kẹsàn-án, ti oṣù kẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà, òun ló sì rọrùn láti gbàgbé. Èyí tó bá kù, ẹ béèrè ní ilé ìlera ìjọba tó wà ládùúgbò yín.

ÈTÒ Ọ̀SẸ̀ MẸ́FÀ

Ọ̀sẹ̀ kìíní: orúkọ rẹ̀ àti ti òbí, réjísítà àárọ̀, bíbọ́ àti wíwọ ṣòkòtò.
Ọ̀sẹ̀ kejì: "mo fẹ́ tọ̀" ní èdè méjì tàbí mẹ́ta, fífọ ọwọ́, amọ̀ mímọ.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìkà dé ẹ̀wá, ayò, ìlà lórí yanrìn, fífi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin: àlọ́ pípa, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, oorun tètè.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: ṣíṣí kúlà àti jíjẹun láìsí ìrànwọ́, bọ́tìnnì àti bàtà, fífi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ẹ mú un lọ wo skúlù náà. Kó rí kíláàsì, kó rí olùkọ́, kó sì rí ilé ìtọ̀. Ọmọ tó ń lo póò nílé lè bẹ̀rù ṣalángá. Ẹ jẹ́ kó lò ó lẹ́ẹ̀kan lójú yín.

LỌ́JỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ má yọ́ sá lọ. Ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ sọ fún un pé tó bá jẹun tán, tó ṣeré, ẹ ó dé. Kẹ́ ẹ sì máa lọ. Dídúró lẹ́bàá fèrèsé ló ń sọ ẹkún di gígùn. Ẹ sọ fún olùkọ́ èdè tí ọmọ ń sọ nílé, àti ọ̀rọ̀ tó máa ń lò tó bá fẹ́ tọ̀. Ẹ fi ṣòkòtò kan sí báàgì rẹ̀. Bó bá sì tọ̀ sára náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má bú u.

Ohun kan tó kù ni ẹnu wa. Tí a bá ń sọ pé "màá sọ fún àńtí rẹ kó nà ọ́" ní gbogbo ìsinmi, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọmọ máa rò pé òun ń lọ. Ẹ jẹ́ ká máa sọ fún un pé àwọn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, eré wà níbẹ̀, òun náà á sì ní ohun tí á máa sọ fún wa nílé lálẹ́. Kó sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

A ó jèrè àwọn ọmọ wa o.